Aago Hitler, idà Fábùnmi: kí ni àwọn tó ń ra ohun ìní èèyàn burúkú ń rà gan-an?

Níbi ìnáwó òkú kan ní Òkèyínmi, ní Adó-Èkìtì, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ti jẹ iyán tán, àwọn àgbà ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti tẹrí ba sínú fóònù wọn. Àbúrò mi kan ké sí mi: "Bọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n lu aago ọwọ́ Hitler ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là!" Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní olórí ìjọba Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni, pé òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló pa àwọn Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi aago rẹ̀ ṣe? Ṣé kí orí burúkú rẹ̀ lè ràn wọ́n ni?"

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, torí nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè Màmá ló gún régé jù. Ìròyìn náà kì í sì í ṣe irọ́. Ní oṣù Keje 2022, ilé gbàǹjo Alexander Historical Auctions ní ìpínlẹ̀ Maryland ta aago kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Hitler ní 1.1 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ní sójà Faransé kan ló mú un nílé Hitler lórí òkè ní 1945, nígbà tí ogun ń parí. Àwọn aṣáájú Júù kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má tà á. Wọ́n tà á.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní "tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Hitler". Gbólóhùn kékeré yẹn la máa padà sí.

Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á kọ́kọ́ rò pé wúrà inú aago ló wọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìbọn kan. Ní oṣù Keje 1881, ní New Mexico, ọ̀gá agbófinró kan tó ń jẹ́ Pat Garrett yìnbọn pa jàǹdùkú apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid. Ní 2021, ilé gbàǹjo Bonhams ta ìbọn tó pa á ní 6.03 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé iṣẹ́ tó rọ ìbọn yẹn rọ irú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, èyí tí kò sì pa olókìkí kankan nínú wọn kò lè sún mọ́ owó yẹn láéláé. Irin kan náà ni. Ohun tó fi ju àwọn yòókù lọ kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n rà; ìbọn náà kàn jẹ́ àpò tí wọ́n fi dì í ni.

Bákan náà ni ti Al Capone, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú Chicago. Ní oṣù Kẹwàá 2021, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kó ẹrù ilé rẹ̀ jáde ní California, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Wọ́n ní iná tó máa ń jó igbó lágbègbè àwọn ló ń ba àwọn lẹ́rù, kó má lọ jó gbogbo rẹ̀ mọ́lé. Ìbọn ìléwọ́ tí bàbá àgbà wọn fẹ́ràn jù nìkan pa 860,000 dọ́là. Wọ́n ta aago àpò, àga àti fọ́tò ẹbí pẹ̀lú. Torí pé ẹbí fúnra wọn ló ń tà, kò sí ẹni tó ń béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ti rí i, owó sì gorí owó.

Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá ń béèrè jinlẹ̀ ju owó lọ. Màmá gbà pé èèyàn máa ń kù sára ohun tó bá lò. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn pè é ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, wọn ò mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ìṣesí èèyàn ní yunifásítì ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Rozin ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n lè wọ súwẹ́tà Hitler. Ọ̀pọ̀ ní àwọn ò jẹ́ wọ̀ ọ́, kódà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Bruce Hood, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bristol ní Ìlú Ọba, tiẹ̀ máa ń gbé káádígàànì kan dání lọ síbi tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Á ní òun máa fún ẹni tó bá lè wọ̀ ọ́ lówó, ọwọ́ á lọ sókè. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ fún wọn pé Fred West, apànìyàn Gloucester, ló ni ín, ọ̀pọ̀ ọwọ́ á sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ewù náà kì í ṣe ti Fred West rárá. Orúkọ lásán ló gbọn ọwọ́ wọn wálẹ̀.

Kí wá ló dé tí ohun kan náà fi ń lé ẹnì kan sá, tó sì ń fa ẹlòmíràn mọ́ra? Okùn kan náà ló ń fà wọ́n. Ẹni tó ń sá fún súwẹ́tà náà àti ẹni tó fẹ́ fi mílíọ̀nù rà á gba ohun kan náà gbọ́, pé ẹni yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó gbà bẹ́ẹ̀, aago Hitler á kàn jẹ́ aago àlòkù ni.

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Nígbà tí Ṣọ̀pọ̀ná ń pa èèyàn, àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń kó ẹrù òkú lọ, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé aṣọ bàbá mi dà. Dókítà Ògúntọ́lá Sápàrá ní láti wọ inú ẹgbẹ́ awo wọn kó tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ìjọba àmúnisìn sì fòfin dè wọ́n. Ní ti àrùn yẹn, ìbẹ̀rù ẹrù òkú bọ́gbọ́n mu, torí èépá ara aláìsàn lè gbé e dé ara ẹlòmíràn. Ìwà ìkà kì í ràn báyẹn. Àmọ́ ọkàn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní 1996, nígbà tí wọ́n wó ilé Fred West, wọ́n fọ́ bíríkì rẹ̀ túútúú, wọ́n dáná sun igi rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣa òkúta kan níbẹ̀ lọ tà. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ẹ̀wẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi tọ́jú Baṣọ̀run Gáà: "Bí o láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o sọ òótọ́." Òwe kò ṣeé lù ní gbàǹjo, kò sì ṣeé ṣe ayédèrú rẹ̀. Bóyá àwọn baba wa gbọ́n jù wá lọ níbẹ̀.

Ta ló ń rà wọ́n? Mùsíọ́mù ń rà wọ́n. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ogun ń rà wọ́n, àwọn olówó náà ń rà wọ́n bí ẹni ra ilẹ̀, pé tó bá di ọdún mẹ́wàá àwọn á tún un tà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n fẹ́ràn aṣebi náà fúnra rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì ń jẹ́ káyé máa fojú burúkú wo àwọn yòókù. Ojúkòkòrò yìí kì í ṣe tòní. Ní 23 oṣù Karùn-ún 1934, nígbà tí àwọn agbófinró yìnbọn pa adigunjalè méjì, Bonnie Parker àti Clyde Barrow, ní Louisiana, òkú wọn ò tíì kúrò nínú ọkọ̀ táwọn èèyàn fi ń gé irun Bonnie àti aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ gé etí Clyde.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí iṣẹ́ wà. Aago kò lẹ́nu. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ti lágbájá ni?

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Èkìtì ti mọ ìdáhùn, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Tó o bá fẹ́ ra pílọ́ọ̀tì kan, o ò ní wo ilẹ̀ nìkan. Wàá béèrè pé ẹbí wo ló ni ín, ta ló tà á fún ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ, ìwé dà, àwọn ẹlẹ́rìí dà, ṣé wọ́n ṣì wà láyé. Tí okùn yẹn bá já níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀ máa gbà wọlé sí ọ lára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ohun àtijọ́. Ìtàn bó ṣe ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì ni wọ́n ń yẹ̀ wò, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín títí dé orí tábìlì gbàǹjo.

Okùn tó dára kì í sábà gùn. Nínú mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn, l'Ékòó, ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí wà níbẹ̀, ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ní 13 oṣù Kejì 1976, lójú pópó ni wọ́n ti pa á. Ọkọ̀ ìjọba ni, mùsíọ́mù ìjọba ló sì gbà á, kò sí alágbàtà kankan láàárín. Èyí tó tún wà nítòsí wa ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó ya òyìnbó ìjọba àmúnisìn tí wọ́n gbé wá kí ọba sára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, Ògògà fi í pààrọ̀ ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní Ìlú Ọba, ó sì di ti British Museum títí dòní. Ẹ lè bínú sí pàṣípààrọ̀ yẹn (èmi máa ń bínú sí i), àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn náà ti wá.

Ẹ wá gbọ́ ti okùn tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi lọ́ ọ. Ní oṣù Kẹrin 1983, ìwé ìròyìn Stern ní Jámánì kéde pé ìwé tí Hitler fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ti tẹ àwọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀. Owó tí wọ́n ná lé e lórí tó 9.3 mílíọ̀nù owó Jámánì ìgbà náà. Akọ̀ròyìn wọn, Gerd Heidemann, ló bá wọn rí i, ó ní inú bàálù kan tó já nígbà tí ogun ń parí ló ti wá. Ìtàn náà dùn, bàálù kan já lóòótọ́. Òpìtàn ńlá kan láti Ìlú Ọba, Hugh Trevor-Roper, kọ́kọ́ ní òótọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé àkójọ ìwé ìjọba Jámánì ní irọ́ gbuu ni. Inú bébà rẹ̀ ni wọ́n ti rí èròjà kan tó ń mú bébà funfun, tí wọn ò tíì máa lò nígbà ayé Hitler. Lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà gan-an, dípò AH (Adolf Hitler), FH ni wọ́n lẹ̀, torí ẹni tó ṣe é ṣi lẹ́tà àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì kà. Konrad Kujau lorúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ náà. Tíì ló ń dà sórí bébà kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́. Òun àti Heidemann ṣẹ̀wọ̀n.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yẹn nìyí, torí ibẹ̀ lẹ̀kọ́ tó ta yọ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan. Kí Stern tó gbé e jáde, wọ́n fún àwọn tó mọ ìwé ọwọ́ yẹ̀ wò. Àwọn ní ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ! Nínú àwọn ìwé "Hitler" tí wọ́n kó fún wọn láti fi wé e, èyí tí Kujau náà kọ wà níbẹ̀. Irọ́ ni wọ́n fi wọn irọ́, wọ́n sì dọ́gba. Ṣé ẹ rí i, "onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò" kò tó. Ẹ béèrè ohun tí onímọ̀ fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbà mìíràn, àbọ̀ nǹkan á jẹ́ òótọ́. Ní oṣù Kejì 2017, ilé gbàǹjo kan náà ní Maryland ta tẹlifóònù pupa kan tí wọ́n kọ orúkọ Hitler sí ní 243,000 dọ́là. Wọ́n ní àwọn sójà Rọ́ṣíà ló fún ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan ní Berlin ní 1945. Okùn yẹn lágbára díẹ̀. Àmọ́ onímọ̀ kan nínú mùsíọ́mù tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní Frankfurt yẹ àwòrán rẹ̀ wò, ó ní apá tí wọ́n ń gbé sétí yẹn, Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é, pé ta ló máa gbà pé fóònù ọ̀tá ni Hitler ń lò. Wọ́n ṣì tà á. Ilé gbàǹjo kì í ṣe kóòtù. Owó tó bá wọlé ni wọ́n ti ń yọ tiwọn.

Nísinsìnyí, èmi náà ní ìtàn kan. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá bá mi nílé ní Adó, ó fi àpò ṣìmẹ́ńtì dì idà kan tó ti dípẹtà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní idà tí Fábùnmi fi pa ajẹ́lẹ̀ nìyẹn, àti pé tí mo bá fún òun ní 150,000 náírà, kò sóhun tó kù. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn yẹn: ní 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa Oyèpẹ̀tún, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì Parapọ̀ dìde, ogun Kírìjí gbóná títí di àdéhùn 1886, àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká tán títí di 1893. Mo bi í pé ọwọ́ ta ni idà náà ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ti bàbá òun ni. Bàbá ńkọ́, ọwọ́ ta ló ti gbà á? "Àwọn àgbà ló fún un." Àgbà wo? Ilé wo l'Ókè-Ìmẹ̀sí? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di idà rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin lè ní Fábùnmi kì í ṣe aṣebi, akọni ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ìbàdàn ìgbà náà, ẹni tó pa aṣojú Ààrẹ Látòósà ni, ọ̀daràn tó yẹ kí wọ́n fà lé àwọn lọ́wọ́ ni. Idà kan náà á jẹ́ ohun ìyangàn l'Ókè-Ìmẹ̀sí, á jẹ́ ohun ìjà apànìyàn lójú ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kú sí Kírìjí lápá kejì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n má fẹ́ràn bí àwọn èèyàn ṣe ń pín àwọn nǹkan yìí sí "ti ẹni rere" àti "ti ẹni burúkú".

Òfin náà kò pín in bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Ní Jámánì, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa gbé àmì ẹgbẹ́ Hitler kiri ní gbangba, àfi tó bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́, ìwádìí tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ò ní irú òfin yẹn, ìdí nìyẹn tí gbàǹjo fi ń wáyé ní Maryland. Ohun tó ń bí wọn nínú lọ́hùn-ún ni kí ọ̀daràn tó ṣì wà láyé máa jèrè orúkọ burúkú rẹ̀. Ní 1977, ìpínlẹ̀ New York ṣòfin láti dí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé e ní 1991, wọ́n ní ó tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀ lé ẹrù àwọn apànìyàn kúrò lórí àtẹ rẹ̀ ní 2001. Síbẹ̀, ní 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gan-an lu ẹrù Ted Kaczynski, tó ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ewù onífìlà rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ nìkan mú ohun tó lé ní 20,000 dọ́là wá. Ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kí owó náà lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ní jàǹbá àti ẹbí wọn. Èyí ni mo rò pé Màmá lè gbà.

Ní Nàìjíríà, òfin ò béèrè bóyá olóore ni ẹni tó ni nǹkan tàbí ìkà. Òfin 1979 tó dá Àjọ Mùsíọ́mù àti Ohun Ìrántí Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ń wo ọjọ́ orí nǹkan àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ère, ilẹ̀kùn, òpó, ìlù, ohun ìjà, ohun oyè ọba, àní ìwé pàápàá, tó bá jẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn wa ló ṣe é ṣáájú 1918, ohun àtijọ́ ni lójú òfin. Èyí tí wọ́n ti fi ṣe orò ìbílẹ̀ rí wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, kódà bí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó bá ṣáà ti ṣe pàtàkì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí Àjọ ò fún níwèé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ máa rà á, ẹni tó ni ín náà ò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tó bá ṣáà ti wù ú. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e sọdá bọ́dà láìgba àṣẹ Àjọ.

Ẹ wá fi ìyẹn wo idà inú àpò ṣìmẹ́ńtì. Tó bá jẹ́ ayédèrú, owó mi ti wọgbó. Tó bá jẹ́ òótọ́, ohun ìjà tí wọ́n rọ ṣáájú 1918 ni, rírà tí mo bá rà á ló máa kó mi sí wàhálà. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Òkèyínmi, wọ́n ti ń ká àga. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fa fìlà pupa kan yọ nínú àpótí, kòkòrò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti bàbá wọn ni, akódà kóòtù ìbílẹ̀ nígbà ayé òyìnbó. Mo gbọ́ ìtàn bàbá yẹn láti kékeré: tó bá ti yọ lọ́nà oko, àwọn tí kò tíì san owó orí á sá wọgbó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ á jẹ ẹgba kó tó dé kóòtù. Àwọn abúlé kan ṣì wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Mo ya bébà kan nínú ìwé ọmọ iléèwé. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo kọ orúkọ Màmá àti ti bàbá wọn, ibi tó ti ṣiṣẹ́, ẹni tó fún Màmá ní fìlà náà lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹgba, Màmá ní kí n má kọ ìyẹn. Mo ní, "Màmá, tí mo bá yọ ìyẹn, fìlà lásán ló kù." Wọ́n wò mí títí.

"Ó dáa, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá ń ti kóòtù bọ̀, ó máa ń ra àkàrà fún wa."

Mo kọ méjèèjì. Màmá ki àtàǹpàkò bọ íńkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀.